Òórùn Láwàlì

Ẹ má tíì bi mí ohun tí obìnrin tí orí rẹ̀ pé ń wá tó fi ń gún aáyù mọ́ lẹ́búlẹ́bú táyà nínú odó ata rẹ̀. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe kórìíra òórùn náà tó, torí ẹni tí kò bá mọ bí ìjà ṣe le tó kò ní mọ ohun tó ná mi láti fọwọ́ ara mi parí rẹ̀.

Ọkọ mi, Láwàlì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Liverpool Road, ní Àpápá. Kẹ́míkà tí ọkọ̀ òkun ń já sílẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ á wá máa wá rà á díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bu ọ̀kan lára wọn láti inú dúróòmù ńlá sínú kéékèèké. Táyófínọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ sí i lára. Ó mọ́ gaara bí omi, ẹ ò sì ní rò ó ro ibi, àfi ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí rẹ̀. Aáyù tó ti rà, táyà tó ń jó, àti ohun kẹta kan tí mi ò rí orúkọ fún, tó máa ń gba imú wọlé lọ gún èèyàn láàárín orí: ohun tí ọkọ mi ń gbé wálé fún mi nìyẹn nígbà tí àwọn ọkọ ẹlòmíràn ń ra búrẹ́dì.

Ó máa ń gbèjà rẹ̀. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Obiora, máníjà wọn tó kàwé kẹ́míkà, sọ fún àwọn pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe láyé, pé àwọn tó ń ṣe oògùn ń lò ó, àwọn tó ń ṣe apakòkòrò ń lò ó, àwọn tó ń ṣe rọ́bà náà ń wá a.

"Ṣé o rí i, Tinú," á ní, "bóyá oògùn tó o mu lánàá gan-an, ara ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ní kó lọ máa sùn sílé oògùn nígbà náà.

Nínú ọgbà wa ní Olódì-Àpápá, kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ òyìnbó yẹn. Òórùn Láwàlì ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹ̀kán rẹ̀ tó kéré ju omijé èèrà lọ ti tó láti lé èèyàn jáde nínú yàrá. Mama Ebinimi, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Bàyélsà, kì í wo aago nírọ̀lẹ́. Bí òórùn náà bá ti gba ẹnu géètì wọlé, á pariwo látinú yàrá rẹ̀ pé, "Tinu, your husband don land o! Make una open window!" Gbogbo ọgbà á bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni mí, iwájú ilé wa ni mo ti ń ránṣọ, oníbàárà mi kan sì ti dá bùbá rẹ̀ padà rí, ó ní ṣé ẹ̀yìn fọ́gánáísà ni mo sá a sí ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ká òórùn náà, háípò ni. Ọṣẹ ò tó bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná tilẹ̀ ń jí i dìde ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá da háípò díẹ̀ sómi, tí mo rẹ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i, kí ọbẹ̀ mi tó jinná, òórùn á ti kú. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ló ti ṣá, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láwàlì máa ń ra òrí bọ̀ fún mi pé kí n fi pa ọwọ́ náà, òrí tó dára, tó funfun, tí kò kan. Mo ti bá a jà títí débi pé mo fẹ́ kó ẹrù mi, òrí yẹn ló ń bá a bẹ̀ mí.

Aṣọ ni mo lè rẹ o. Mi ò lè rẹ Láwàlì fúnra rẹ̀ sínú háípò. Bó ti wù kó wẹ̀ tó, irun orí rẹ̀ àti ìka ọwọ́ rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ pamọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í ráhùn nínú gbogbo wa, ìyá rẹ̀ ni. Ìyá wá bá wa gbé láti Ṣakí nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́. Òrí ni wọ́n tà láti ìgbà ọmọge wọn. Wọ́n ní nígbà tí ojú àwọn ṣì dá ṣáká, àwọn kì í fojú ra òrí, imú ni àwọn fi ń rà á: gbé igbá sún mọ́ wọn, wọ́n á sọ fún ọ bóyá ó ti ń kan, wọ́n á sì sọ ẹni tó sè é. Nígbà tó yá, iyè wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Wọ́n á pe Olódì ní Ṣakí. Wọ́n á pe Ummusalamah, ọmọ wa kan ṣoṣo tó wà nílé ìwé gíga, lórúkọ àbúrò wọn tó ti kú kí wọ́n tó bí i. Gbogbo nǹkan ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ, imú yẹn nìkan ni kò lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí ebi ṣe lè pa wọ́n tó, wọn kì í fẹnu kan oúnjẹ alẹ́ kí ọmọ wọn tó wọlé. Bí òórùn bá ti dé ẹnu géètì báyìí, ojú wọn á tú ká.

"Àkànjí," wọ́n á pè é lóríkì. "Àkànjí mi, o ti dé."

Láwàlì á dọ̀bálẹ̀, lẹ́yìn náà á kúnlẹ̀ sún mọ́ wọn, á gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ pa orí náà, wọ́n á gbé ọwọ́ sí imú, wọ́n á wá fà á mọ́ra, wọ́n á fẹnu sí i létí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Láwàlì á máa ṣàmín. Ìgbà tí wọ́n bá parí ni wọ́n tó ń pè mí pé kí n gbé oúnjẹ wá.

Wúyẹ́wúyẹ́ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Mo bi Láwàlì ohun tí wọ́n ń sọ, ó ní àdúrà ìyá sí ọmọ ni. Àdúrà wo ni wọn ò lè gbà síta kí gbogbo wa jọ ṣàmín sí i? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, ẹnu mi sì mú, mi ò purọ́. Lọ́jọ́ tí Láwàlì kọ́kọ́ mú mi dé Ṣakí, Ìyá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ó tínrín." Ọ̀rọ̀ mìíràn ò tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà mo ti wẹ̀ wọ́n, mo ti dirun fún wọn, mo ti fọ ohun tí ọmọ ẹlòmíràn ò ní fọwọ́ kàn, wọn ò yìn mí rí. Ìyá ọkọ tí kì í yin èèyàn wá ń sọ̀rọ̀ sí ọkọ létí lálaalẹ́, kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo rò pé ẹjọ́ mi ni wọ́n ń rò.

Kò pẹ́ tí ojú Láwàlì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Orí ń fọ́ ọ, ó ń wúkọ́ títí ibùsùn á fi máa mì. Dókítà ní ohun tó ń fà símú níbi iṣẹ́ ni, pé bí kò bá kúrò nídìí rẹ̀, ó máa ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Mo ní èmi ò ní di opó nítorí òórùn. Mo yọ ọ́ lẹ́nu, nígbà tí kò lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, èmi fúnra mi lọ pariwo fún Ọ̀gbẹ́ni Obiora ní Liverpool Road. Obiora ò sì jiyàn. Ó gbé e kúrò nídìí dúróòmù, ó fi í sẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù tírélà wò.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò, bí ọdún ló rí nínú ọgbà wa. Mama Ebinimi gbé háípò tirẹ̀ wá, àwọn tó kù gbé tiwọn. A kó gbogbo ohun tí Láwàlì ní síta, aṣọ, fìlà, bẹ́líìtì, bàtà, títí kan ẹní tó fi ń kírun, a rẹ gbogbo rẹ̀ pátá. Mo fá irun orí rẹ̀ kanlẹ̀. Mama Ebinimi ń kọrin ilé wọn lórí abọ́, ó ń fọ ṣòkòtò ọkọ mi bí ẹni tó ń fọ aṣọ òkú ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ẹ ò lè rí fọ́nrán òwú kan nílé wa tó ń rùn. Mo gbé imú mọ́ ọkọ mi lọ́rùn, òórùn ọṣẹ ni mo gbọ́, omi sì lé lójú mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Láwàlì ti ẹnu géètì wọlé, ó mọ́ tónítóní. Mama Ebinimi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti dé. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá, mo ti dé o."

Ó sún mọ́ wọn, ó gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa orí tí mo ti fá, wọ́n gbé ọwọ́ náà sí imú, wọ́n sì já ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Ta nìyí?"

"Láwàlì ni, Ìyá. Àkànjí yín ni."

"Ohùn rẹ jọ tiẹ̀," Ìyá wí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. "Àmọ́ ohùn kì í ṣe nǹkan. Odídẹrẹ́ náà ní ohùn. Ọmọ tèmi ní òórùn tiẹ̀. Dìde lẹ́sẹ̀ mi, ọmọ ẹlòmíì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo ojú ọkọ mi, ẹ̀rín náà sì kú sí mi lẹ́nu.

A rò pé á kọjá, kò kọjá. Ìrọ̀lẹ́ dé, Ìyá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fa imú sí atẹ́gùn tó ń ti ẹnu géètì bọ̀. Láwàlì á wọlé, á kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn bí èèyàn ṣe ń dá àlejò lóhùn. Màá gbé oúnjẹ wá.

"Ẹ jẹun, Ìyá."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi dé ná."

Láwàlì á jókòó tì wọ́n, á máa sọ ohun tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n fún wọn: igi òrí tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Ṣakí, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti já bọ́ lórí rẹ̀, aṣọ tí wọ́n ya láti fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Oúnjẹ á tutù, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Mo se gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ń mu ẹ̀kọ díẹ̀ láàárọ̀, ìyẹn náà, ẹ̀bẹ̀ ni. Nígbà tí mo bá ń wẹ̀ wọ́n, mo ń rí i bí eegun èjìká wọn ṣe ń yọ sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ẹ ti sin ín, ẹ ò sì sọ fún mi. Àpápá ti pa ọmọ mi. Ẹ wá gbé alohùn-bí-tiẹ̀ wá láti máa fi tàn mí. Ó dáa. Mi ò bínú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sunkún."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ń kì í, wọ́n ń sọ bó ṣe rìn nígbà tó wà lọ́mọdé, bí kì í ṣe wọlé lọ́wọ́ òfo, wọ́n ń bi Ọlọ́hun pé kí ló dé tí kò mú àwọn tí àwọn ti gbó, tó fi mú Àkànjí. Láwàlì sì wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ní iwájú wọn, ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dárò òkú rẹ̀. Mi ò rí i kí ọkùnrin sunkún bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́.

Nígbà tí wọ́n sùn, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Tinú, bó bá di Mọ́ńdè, mo máa bẹ ọ̀gá kí wọ́n dá mi padà sídìí dúróòmù."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí dókítà wí ni?"

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí. Dókítà ò gbọ́ ohun tí ìyá mi wí."

Bí àárín wa bá dán, "ẹ" ni mo ń pe ọkọ mi. Lọ́jọ́ yẹn, "o" ló jáde. "O máa fi ojú rẹ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ ra orúkọ tí ìyá rẹ ń pè ọ́? Bó o bá wá kú lóòótọ́ ńkọ́? Ta ló máa gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀?"

Kò bá mi jà. Ìyẹn ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Tinú, ìyá mi ti sin mí. Ṣé bí mo ṣe wà yìí, mo wà láàyè ni?"

Mo mọ ọkọ mi, bó bá ti rọra sọ̀rọ̀ báyẹn, ó ti parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ní mo ń lọ ra òwú ìránṣọ. Liverpool Road ni mo gbà lọ. Mo ń sá láàárín tírélà títí mo fi dé ilé ìkẹ́rùsí wọn. Obiora wà ní ọ́fíìsì. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara, ó kàn máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sí i bí iyọ̀ ni.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní òórùn yẹn díẹ̀."

Ó wò mí. "Madam, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wá pariwo fún mi níbí pé kí n gba ọkọ yín sílẹ̀?"

"Èmi náà ni. Díẹ̀ báyìí ni mo ń bẹ̀. Ẹ kán an sínú ike oògùn ojú fún mi."

"God forbid!" Ó dìde. "Poison ni, Madam. Kì í ṣe imú nìkan ló ń gbà wọlé, ó ń gba ara wọlé. Ta lẹ fẹ́ lọ gbé e fún?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kí n tó dé ìdajì, mo ti ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já sílẹ̀ lọ́jà. Mo ní háípò ló pa á, mo ní bí mo bá mọ̀ ni, mo ní ìbọ̀sẹ̀ kan ì bá ṣẹ́ kù fún mi. Obiora fún mi lómi mu. Ó jókòó tì mí, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ wò ó, mi ò lè fún yín. Láwàlì náà ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀, kódà bó bá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Háípò yẹn ò sì kàn fọ̀ ọ́ kúrò, ó yí i padà di nǹkan mìíì ni. Ṣé ẹ rí i, kẹ́míkà yẹn dà bí òrùka tí wọ́n so imí ọjọ́ mọ́ létí kan. Òrùka yẹn ò lẹ́jọ́. Imí ọjọ́ tó so mọ́ ọn yẹn ló ń rùn, òun ni háípò gbá mú. Òórùn imí ọjọ́ pọ̀ láyé, Madam, ẹ má sunkún mọ́. Inú aáyù ló wà. Inú àlùbọ́sà ló wà. Táyà mọ́tò gan-an, imí ọjọ́ ni wọ́n fi ń se rọ́bà ẹ̀ kó tó le. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn."

Ó kàn fẹ́ tù mí nínú ni. Kò mọ̀ pé mo ti dìde, mo ti ń wá bàtà mi. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Mo yà lọ́dọ̀ Dickson, fọ́gánáísà tó wà ní ìkòríta wa. Ó ń ha ojú tíúbù kan tó fẹ́ lẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń gbá a jọ sínú náílọ̀n.

"Madam Tinu, wetin you wan use am do?"

"Na for my mother-in-law."

Dickson sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ń fojú sìn mí títí mo fi kọjá.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí. Mo gún aáyù, mo da lẹ́búlẹ́bú rọ́bà sí i, mo fi òróró díẹ̀ pò ó pọ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òun kọ́. Ó dùn jù, ó dà bí ọbẹ̀. Òórùn Láwàlì kì í dùn níbì kankan. Mo mú àlùbọ́sà kan tó ti ń rà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, mo gún un mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn. Ó ṣì ku ohun kẹta, èyí tó ń gún èèyàn láàárín orí. Obiora mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Imú Láwàlì ti mọ́ ọn lára, kì í tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Èmi tí mo ti ń bá a jà láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, èmi ni mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Mo da lẹ́búlẹ́bú tó kù sínú páànù kan tó ti ya, mo gbé e kaná títí èéfín fi rú, mo yára gbé e kúrò, mo pò ó mọ́ ìyókù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí i, mo gbé ọwọ́ sí imú.

Orí mi gún mi. Omi bọ́ lójú mi.

"Òun nìyí!" mo kígbe, èmi nìkan lẹ́yìnkùlé. Òun nìyí lóòótọ́. Kí n má parọ́ fún yín, àárò rẹ̀ ti ń sọ mí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ mi ti gba ẹnu géètì yẹn wọlé láàyè, láti Àpápá tó ń jẹ ọmọ èèyàn, ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi níbẹ̀. Mo ti ń bínú sí i láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀ pé òun ló ń sọ fún mi pé ó ti dé.

Láwàlì ti lọ kírun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Mo ní bó bá dé, màá fi pa á lọ́wọ́ àti lórí, kó tó lọ síwájú ìyá rẹ̀. Mo sá wọlé kí n wo Ìyá. Wọ́n wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn wọn ti yọ̀ kúrò léjìká. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e lé wọn.

Mi ò tíì fọ ọwọ́.

Ìyá gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbé e mọ́ imú. Wọ́n fa imú, wọ́n tún un fà.

"Àkànjí," wọ́n ní.

Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni. Ojú wọn ti tú ká. Ojú tí kò tú ká láti ọjọ́ tí a ti rẹ aṣọ yẹn. Ta ni yóò la ẹnu ba ojú yẹn jẹ́? Mo rántí pé Àkànjí kì í kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Èmi Tinú, tòun ti síkẹ́ẹ̀tì lára mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà mo sún mọ́ wọn. Wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n fẹnu sí mi létí.

"Àkànjí, wọ́n ní o ti kú. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọlọ́hun á dá ọ sí. Ìyàwó rẹ ńkọ́, ó ti sinmi? Ọwọ́ ẹ̀ tó ń bó yẹn, òrí tí mo ní kó o máa rà fún un, ṣé kò tíì tán? Gbóòórùn ẹ̀ kó o tó sanwó, má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó ti kan fún ọ. Ọmọ yẹn ò bọ́ sí mi lára nígbà tó kọ́kọ́ wá, mo rò pé atẹ́gùn ló máa gbé e lọ. Òun ló wá ń gbé èmi. Òun tí mi ò bí, òun ló ń wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun, ọwọ́ ẹ̀ kì í sì í le sí mi lára. Ẹnu ẹ̀ ló mú, ọwọ́ ẹ̀ rọ̀. Ọlọ́hun, èmi ò ní sin Tinú. Tinú ló máa sin mí. Ọjọ́ tí Ẹ bá máa mú mi, ọwọ́ ẹ̀ ni kí Ẹ ti mú mi. Ṣàmín, Àkànjí."

"Àmín," mo ní.

"Má sì wí fún un o. Bí a bá yin ọmọ lójú ara ẹ̀, ó lè dẹwọ́."

Ìyá yìí! Ìyá tó mọ òwe tó báyìí, ẹ ò gbọ́ yinni-yinni kẹ́ni lè ṣe òmíràn rí? Láti ọjọ́ yìí! Mo fẹ́ bínú, mo wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló jáde. Mo gbójú lé wọn lẹ́sẹ̀, mo sunkún sí wọn láṣọ.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún, Àkànjí?"

"Àlùbọ́sà ni, Ìyá."

Nígbà tí mo gbójú sókè, Láwàlì ló dúró lẹ́nu géètì, kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé. Mo fọwọ́ pè é. Ó rìn wá bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Mo rọra yọ ọwọ́ mi lọ́wọ́ Ìyá, mo dìde, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì nu ọwọ́ rẹ̀, mo fi nu orí rẹ̀ tí irun ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, mo tì í síbi tí mo ti dìde. Ó gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀.

Ìyá fọwọ́ pa orí náà. Wọ́n gbé ọwọ́ sí imú.

"Àkànjí. O tún jáde ni?"

"Mo ti dé, Ìyá."

"Má jáde mọ́. Ebi ń pa mí."

Mo sá lọ gbé oúnjẹ. Kí n tó bu ọbẹ̀ tán, wọ́n ti fà á mọ́ra, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ wọn sí i létí. Láwàlì ń ṣàmín, ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ orí ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń pa àṣírí mọ́. Mo yíjú sí ìkòkò, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ìyá jẹ ẹ̀bà náà tán, wọ́n ní kí n bù sí i. Ibi tí mo ti ń bù ú ni Mama Ebinimi ti la fèrèsé rẹ̀ gbàà.

"Jesus! Tinu! Dat smell don come back o! Who carry am come?"

"Na me," mo ní.